Èsì: Tata tó ń pòórá sínú koríko

Àbúrò, o ní tata tí o ya máa ń pòórá bí o bá ti sọ fọ́tò náà di dúdú òun funfun. Kò lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀: tata aláwọ̀ ewé lórí ewé, àwọ̀ eérú kan náà ni méjèèjì ń dà nínú fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ ni kí o fi yà wọ́n. Lẹ́bàá odò Ògùn níbí, aago méje àárọ̀ ni mo máa ń dọ̀bálẹ̀ sínú koríko (má wọ aṣọ funfun o!), kí oòrùn wà lẹ́yìn kòkòrò náà, kí etí ìyẹ́ rẹ̀ máa tàn. Òtútù ìrì kì í jẹ́ kó tètè fò. Tó bá jẹ́ tata aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ya á ní aláwọ̀, kí o wá dín ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé kù lórí kọ̀ǹpútà bí o bá ń sọ ọ́ di dúdú òun funfun: koríko á ṣú, tata á yọ.