Ṣé másùnmáwo àti èrò ọkàn lè mú kí ọ̀dọ́langba fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn méjèèjì sì máa ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Másùnmáwo tó bá pẹ́ lára ọmọ kì í jẹ́ kó sùn dáadáa, ohun tí olùkọ́ ń sọ kì í sì í dúró sí i lórí. Máàkì rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ojú á máa tì í, á wá máa pa ilé ìwé jẹ.

Lójú tèmi, ojú tí ọmọ fi ń wo ìṣòro náà, ìyẹn èrò ọkàn rẹ̀, ló ṣe kókó jù. Ọmọ méjì lè jọ fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Èyí tó ní "orí mi ò gba ìṣirò" ò ní rí ìdí tóun fi máa dúró; èyí tó ní "kò tíì yé mi ni" á wá ẹni tó máa kọ́ ọ. Ìwádìí ńlá kan tí David Yeager àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature lọ́dún 2019, fi hàn pé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò tó wákàtí kan, tó ṣàlàyé pé òye èèyàn lè pọ̀ sí i, gbé máàkì àwọn ọmọ tó ń kẹ́yìn sókè. Díẹ̀ ló fi gbé e sókè o, ó sì ṣiṣẹ́ jù níbi tí àwọn ojúgbà wọn ti fẹ́ràn kí èèyàn gbìyànjú.

Àmọ́ èrò rere ò lè san owó WAEC. Tí ọmọ yín bá ní òun ò lọ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì nà án. Ẹ bi í bóyá wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀, bóyá owó ni, tàbí ẹ̀kọ́ kan ló sú u.