Ẹ Kọ́kọ́ Gbé Fọ́tò Yẹn Tọ Màmá Lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú àpótí ìyá bàbá mi la ti rí fọ́tò àtijọ́ kan, ọkùnrin márùn-ún dúró nídìí kòkó tí wọ́n sá, kò sẹ́ni tó kọ nkankan sẹ́yìn ẹ̀. Dádì mi ní bàbá àwọn wà nínú wọn, pé bàbá yẹn tiẹ̀ ṣẹjọ́ ààlà oko ní kóòtù ìbílẹ̀ láyé òyìnbó. Ṣé ìwé ẹjọ́ yẹn ṣì lè wà? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Ọmọ Àgbẹ̀, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Ọmọ Àgbẹ̀, ẹ kú oríire. Fọ́tò oko ṣọ̀wọ́n gan-an, torí ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ọdún làwọn èèyàn wa máa ń wọṣọ dáadáa lọ ya fọ́tò, ta ló ń pe onífọ́tò wá sídìí kòkó.

Ìwé ẹjọ́ náà ṣì lè wà o. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ máa ń kọ ọ̀rọ̀ olùpẹjọ́, olùjẹ́jọ́ àtẹlẹ́rìí sínú ìwé ńlá kan, á kọ orúkọ ẹni náà, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti bóyá Bíbélì ni àbí Kùránì àbí irin ló fi búra. Ẹ̀yìn ìyẹn lọ̀rọ̀ gidi á wá bẹ̀rẹ̀, ta ló kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀, ta ló fún un nílẹ̀, odò wo ni ààlà, ibo ni pẹ̀rẹ̀gún wà, ṣé wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ àbí wọn ò san. Mo ka ọ̀kan rí tí ikán ti jẹ etí ẹ̀, bàbá kan ń ka igi obì tí bàbá tiẹ̀ gbìn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti etí odò títí dé ẹ̀yìn ahéré, ó sì ń dárúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbin èyí tó kẹ́yìn. Mi ò mọ̀ wọ́n rí, a ò sì bára wa tan, àmọ́ omi bọ́ lójú mi.

Ẹ béèrè ní kóòtù kọ́sítọ́márì àdúgbò yín ná, torí òfin 1957 ló fi kóòtù kọ́sítọ́márì rọ́pò kóòtù ìbílẹ̀ ní Western Region, àwọn ìwé míì ò sì kúrò níbẹ̀. Tí ò bá sí, ẹ lọ sí National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ibi tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba àtijọ́ pa mọ́ sí, èyí tí onímọ̀ ìtàn Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ ní 1954. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé àkójọ fáìlì Ondo Div (Division) àti Ondo Prof (Province). Ọ́fíìsì DO (District Officer) àti Rẹ́sídẹ́ǹtì, àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè nígbà yẹn, ni fáìlì wọ̀nyẹn ti wá, ẹni tí ẹjọ́ ò dùn mọ́ sì máa ń gbé e lọ síwájú wọn, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè bá ìdájọ́ níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ má tíì wọkọ̀ Ìbàdàn o! Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ ní ìwé bàbá bàbá yín lẹ ń wá, kò sẹ́ni tó máa rí i. Orúkọ, abúlé àti ọdún ni wọ́n fi ń wá a, akọ̀wé sì kọ orúkọ bó ṣe gbọ́ ọ ni, ó lè jẹ́ orúkọ oríkì bàbá, ó lè jẹ́ ti ìnagijẹ, nígbà tó lè jẹ́ Samuel nìkan lẹ̀yin mọ̀. Ọ̀dọ̀ màmá, ìyá bàbá yín, lorúkọ wà. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò yẹn, ẹ fẹ ojú kọ̀ọ̀kan kó tóbi, ẹ jókòó tì wọ́n láàárọ̀ tára wọn yá, ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ má kàn béèrè pé ta nìyí, ẹ bi wọ́n pé oko ta ni, ta ló ni agbọ̀n yẹn, ta ni wọ́n bá pààlà. Ẹ wo àpò kòkó ẹ̀yìn wọn náà, bí lẹ́tà Cocoa Marketing Board bá wà lára ẹ̀, fọ́tò yẹn ò ṣáájú 1947, torí ọdún yẹn ni wọ́n dá board náà sílẹ̀.

Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bírò ò dáa, sẹ́lótéèpù ò dáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lámínéètì ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: London ni mò ń gbé, ṣé mo lè rí fọ́tò oko ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ láìwálé?
Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, ó tiẹ̀ wà nítòsí yín. The National Archives ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Kew ní London, ló ni àkójọ CO 1069, fọ́tò ọ́fíìsì amúnisìn, wọ́n sì gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ sórí Flickr ní 2011, Africa Through a Lens ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà náà ní fọ́tò E. H. Duckworth, òyìnbó tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Nigeria nígbà náà. Ohun tó ń dùn mí nínú irú fọ́tò wọ̀nyí ni pé orúkọ ìlú lè wà lábẹ́ ẹ̀, kí wọ́n má kọ orúkọ àgbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ti àdúgbò yín, ẹ fi ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́nì kan gbé e fún àwọn àgbàlagbà wò.