Èsì: Ṣé ìbọ̀wọ́ lè rọ́pò ọwọ́ fífọ̀?
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ṣé nọ́ọ̀sì tó wọ ìbọ̀wọ́ tọ́jú màmá yín ní wọ́ọ̀dù ṣì gbọ́dọ̀ fọwọ́. Dandan ni o! Ihò wínníwínní lè wà lára ìbọ̀wọ́, béèyàn bá sì ń bọ́ ọ, ìdọ̀tí ìta rẹ̀ lè kan ọrùn ọwọ́. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ta ni ìyẹn wá ń dáàbò bò? Sànìtáísà olótí tó, kí wọ́n fi í ra ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn lọ́wọ́, tàbí tí aláìsàn bá ń ṣu gbuuru, ọṣẹ àti omi ni kí wọ́n lò. Ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó fún màmá lóúnjẹ. Bí nọ́ọ̀sì bá gbàgbé, ẹ rọra sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ yìí.” Kì í ṣe àrífín rárá.