Èsì: Ṣé kíkí Ọlọ́run ní oríkì ń ba ẹ̀kọ́ ìjọ jẹ́?

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá ó burú bí akọrin ìjọ yín ní Ṣágámù ṣe ń fi oríkì ki Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ki Ọlọ́run lọ, tí oríkì náà kò bá ṣáà ti tako Bíbélì. Àmọ́ tó bá jẹ́ oríkì òrìṣà tí wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ dá a dúró.

Kì í ṣe òní ni àwọn Kristẹni Yorùbá ti ń tọ Ọlọ́run lọ ní ọ̀nà tiwọn. Nígbà àjàkálẹ̀ ààrùn influenza ọdún 1918, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú Òde kóra jọ láti gbàdúrà ìwòsàn. Ìbéèrè Yorùbá ni wọ́n gbé tọ Jésù lọ: ṣé ó lè wo ọmọ mi sàn? Ìwòsàn ti wà nínú Máàkù tipẹ́. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kì í kàn fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ni.

Ní 1930, Josiah Ositelu dá ìjọ Aládùúrà tirẹ̀ sílẹ̀ l'Ógèrè. Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé (World Council of Churches) gba ìjọ náà wọlé ní 1975.

Ẹ kọ oríkì náà síbí, ká jọ wò ó.