Ọ̀nà tí sìgá fi ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ gan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọkùnrin ẹni ọdún 54 ni mí, sìgá márùn-ún péré ni mò ń mu lójúmọ́. Wọ́n wọn ìfúnpá mi, wọ́n bá 158 lókè àti 72 nísàlẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ní iṣan ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gan. Bí mo bá jáwọ́, ṣé yóò tún rọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ní àwọn fọ́nrán tó ń nà tó sì ń súnkì bíi rọ́bà kànnàkànnà: bí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ jáde, iṣan a fẹ̀ láti gbà á, bí ọkàn bá sì ń sinmi, iṣan a fún padà, a sì ti ẹ̀jẹ̀ náà síwájú. Èyí tó bá ti gan kì í fẹ̀ dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà òkè yín fi ga tí ti ìsàlẹ̀ kò bá a gòkè. Àlàfo 86 tó wà láàárín wọn ni nọ́ọ̀sì rí, ó sì rí i dáadáa.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ bá tan sìgá, nikotíìnì á mú ọkàn sáré, á mú ògiri iṣan le, ìgbì ẹ̀jẹ̀ á sì yára kọjá nínú rẹ̀. Ìyára yìí gan-an la fi ń wọn gígan iṣan, láti ọrùn títí dé ìdí itan; bí ó bá ju mítà 10 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó yẹ ká mójú tó o. Ìyẹn ṣì máa ń rọlẹ̀. Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ ni ti ọlọ́jọ́ pípẹ́: èéfín ń ba awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú iṣan jẹ́, awọ tó ń pèsè èròjà tó ń mú iṣan dẹ̀, ó sì ń já àwọn fọ́nrán bíi rọ́bà yẹn, tí fọ́nrán líle fi ń rọ́pò wọn. Ara àgbàlagbà kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe tuntun mọ́.

Ẹ má fi “márùn-ún péré” tu ara yín nínú. Àyẹ̀wò ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé ọkùnrin tó ń mu ẹyọ kan lójúmọ́ ti ru nǹkan bí ìdajì àfikún ewu àrùn ọkàn tó wà lórí ẹni tó ń mu 20.

Bí ẹ bá jáwọ́ pátápátá, iṣan á máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọdún ni, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀, fọ́nrán tó sì ti já kì í padà tán. Ẹ tún ìfúnpá náà wọ̀n, láìmu sìgá fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30 ṣáájú. Bí 158 bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí sìgá yóò kúrò lára kí ẹ tó lọ rí dókítà fún oògùn.