Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Yanrìn Aláwọ̀ Lórí Bébà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bí a ṣe ń fi yanrìn aláwọ̀ ṣe àwòrán sórí bébà, ṣùgbọ́n kí ó tó di ọjọ́ kẹta, bébà náà ti ká, yanrìn ń já bọ́, àwọ̀ pupa sì ti wọ inú yẹ́lò. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? — Olùkọ́, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ohun tí ó ṣe yín yìí ti ṣe èmi náà rí, mo sì lè sọ fún yín pé ẹ̀bi yanrìn kọ́. Omi inú gọ́ọ̀mù ni ó ń mú kí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wú, tí ó bá sì ń gbẹ, á fà, á ká. Ibi tí ó bá ti ká gan-an ni yanrìn yóò ti já, nítorí pé yanrìn kì í tẹ̀. Ẹ lo páálí bàtà. Bí ó bá jẹ́ bébà nìkan ni ẹ ní, ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kí ẹ gbé ìwé ńláńlá lé e lórí di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi yanrìn kàn án.

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí ẹ wá, kí ẹ sì fi omi díẹ̀ là á títí yóò fi rí bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ má ṣe kun gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, torí ibẹ̀ ni pupa ti ń wọ yẹ́lò. Ibi tí yẹ́lò yóò wà nìkan ni kí ẹ kùn, kí ẹ da yanrìn sí i kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ ojú, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé páálí náà dúró lórí ìwé ìròyìn, kí ẹ fi ìka gbá ẹ̀yìn rẹ̀: yanrìn tí gọ́ọ̀mù kò mú yóò máa dún ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ bọ́ sílẹ̀, ẹ sì lè kó o padà sínú ife. Ìgbà náà ni pupa tó kàn. Dúdú ni kí ó kẹ́yìn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti iyọ̀ pẹ̀lú. Mo kó yanrìn etí òkun Bàdágrì wálé nígbà kan láìfọ̀ ọ́, mo fi ṣe àwòrán ẹja tí mo fẹ́ràn gan-an. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lára ògiri, nítorí pé iyọ̀ a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Láti ìgbà náà, mo máa ń fọ yanrìn òkun lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń sá a sóòrùn, mo sì ń fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ èlùbọ́ kù ú. Yanrìn Odò Ògùn tó wà nítòsí yín kò ní ìṣòro iyọ̀, àmọ́ bí ó bá pọ́n, àwọ̀ tí ẹ bá pa á kò ní í mọ́lẹ̀ tó ti orí yanrìn funfun.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju ohunkóhun lọ. Ṣé kì í ṣe eré ọmọdé lásán? — Ìyá kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá wa, iṣẹ́ ni o. Ní Dakar àti ní erékùṣù Gorée, ní ilẹ̀ Senegal, àwọn oníṣẹ́ ọnà ń fi àwòrán yanrìn jẹun. Yanrìn tí Ọlọ́run ti fún ní àwọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pákó. Nílé wa níbí, Jimoh Buraimoh ará Òṣogbo, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1964, di ẹni tí ayé mọ̀ nípa lílẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pátákó láti fi ṣe àwòrán, ọwọ́ iṣẹ́ méjèèjì sì jọra. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wo bí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ìlà àwòrán, kí òun náà fi yanrìn gbìyànjú rẹ̀ lórí páálí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ó bá fẹ́ fi gíláàsì bò ó, kí ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín, kí gíláàsì má baà ha yanrìn.