Ọjọ́ mọ́kànlá nítorí páànù

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Atákúnmọ́sà. Bàbá àwọn ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù ilé wa ní Ìsọ̀kún tán. Owó àjọ mi wà níbẹ̀. Wọ́n mú mi lọ wò ó. Mo ní, “Ṣé páànù yìí náà ló gba gbogbo owó yẹn?” Ọjọ́ kọkànlá rèé, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀, ìta ni wọ́n ti ń jẹun. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ṣé ọmọdé ni wọ́n ni? Ìyá Ìbejì, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, kí ló dé tí kò fi ya fọ́tò rẹ̀ wálé? Ó fẹ́ wo ojú rẹ nígbà tó o bá gbójú sókè ni. Owó lo wá kà.

Heinz Kohut, dókítà tí wọ́n bí ní Vienna lọ́dún 1913, tó sì ṣiṣẹ́ ní Chicago títí ó fi kú lọ́dún 1981, ní ọmọdé nílò ojú tó ń dán bó bá ti rí i, àgbà tó lè fara tì, àti ẹni tó jọ òun. Ó ní kò sí àgbàlagbà tó bọ́ lọ́wọ́ àìní wọ̀nyí. Ọkọ mi ra mọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́, mo bi í pé kí ló ń rùn níbẹ̀. Títí dòní, bí mo bá ti wọlé sínú mọ́tò, á yí gíláàsì wálẹ̀.

Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ òṣómàáló: ó tà láwìn, ó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Ọkọ rẹ ló lóṣòó yẹn, àmọ́ ojú ń tì í láti dárúkọ gbèsè tó wá sin. “Ẹ má bínú” kọ́ ni gbèsè náà. Sọ fún un pé, “Inú yín ń dùn lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ owó ni mo fi bà á jẹ́.” Kó o wá dákẹ́. Má ṣàlàyé o!

Bí ọkàn rẹ̀ kò bá rọ̀, ẹ wá ẹni tí kò ní dá ẹjọ́. Àwọn tó ń fi ọgbọ́n Kohut tọ́jú tọkọtaya kì í wá ẹni tó jẹ̀bi. Ṣe ni wọ́n ń fi ara wọn sípò ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́ ọ. Bí ìjà bá tún ṣẹlẹ̀ níwájú wọn, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Owó àjọ rẹ ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lábẹ́ páànù náà? Mo rò pé ìbéèrè tó ò lè bi í ló di ọ̀rọ̀ iye owó. Ìwọ náà lóṣòó. Sọ ọ́ fún un, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà.